Détà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó: kí ló yẹ ní ṣíṣe kí módẹ́lì tó dé?

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò kí owó tó wọ inú ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó fẹ́ kó ìwé ìṣirò wọn kúrò nínú nóòtù lọ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó 1,200, ibùdó tí wọ́n ti ń wọn kòkó jẹ́ 6, láti Ìkéré dé Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùré. Akọ̀wé ibùdó kọ̀ọ̀kan á máa fi fóònù Android kọ orúkọ àgbẹ̀, ìwọ̀n kòkó, iye owó àti ọjọ́. Wọ́n tún fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ iye kòkó tó máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ owó tí wọ́n máa tọ́jú sílẹ̀ dè é.

Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́rin wà nínú Excel, ọwọ́ oríṣiríṣi ló tẹ̀ ẹ́. Módẹ́lì, ètò tó ń fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ sọ ohun tó ń bọ̀, ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Níbo ni irú iṣẹ́ báyìí ti máa ń bàjẹ́?

Àgbẹ̀dẹ-Kóòdù, Adó-Èkìtì

Ẹ má fi módẹ́lì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ kò bá lè sọ ẹni tó gbé kòkó wá, kí ni módẹ́lì fẹ́ kọ́ níbẹ̀?

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló kọ́kọ́ máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú orúkọ Yorùbá. Ohun kan ṣoṣo ni ojú ń rí bí a bá kọ "ọ́", àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ (U+ níbí ni nọ́ńbà tí Unicode, ìlànà àgbáyé fún lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan). Àkọ́kọ́, ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, U+1ECD, tí àmì òkè U+0301 wá tẹ̀ lé. Èkejì, o lásán, lẹ́yìn ẹ̀ àmì abẹ́ U+0323, lẹ́yìn ẹ̀ àmì òkè U+0301. Ẹ̀kẹta, ó tó ti ní àmì òkè, U+00F3, kí U+0323 tó wá sí abẹ́ rẹ̀. Pátákó ìtẹ̀wé fóònù kan lè máa tẹ ti àkọ́kọ́, kí ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa tẹ èkejì. Ẹ tẹ "Ọlọ́runtóbi" lórí àwọn méjèèjì, orúkọ kan náà ni lójú yín, ènìyàn méjì ni lójú database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Owó tí àgbẹ̀ yẹn ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́ á wá pín sí ọ̀nà méjì, kò sì ní sí ìkankan tó pé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni kí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Python:

`unicodedata.normalize("NFC", oruko)`

Ní JavaScript, `oruko.normalize("NFC")`. PostgreSQL, irú database kan, náà ní `normalize(oruko, NFC)` láti ẹ̀dà 13. NFC, ìlànà Unicode tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, á sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú orúkọ, kí ẹ sì tún ṣe é sí ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá tẹ̀ láti fi wá orúkọ. Ibi kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, orúkọ á wà níbẹ̀, wọ́n á wá a tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe òpó (column) kejì fún ìwákiri nìkan, èyí tí kò ní àmì kankan (NFD ń tú àmì kúrò lára lẹ́tà, kóòdù á sì jù wọ́n nù):

`"".join(c for c in unicodedata.normalize("NFD", s) if not unicodedata.combining(c)).lower()`

Akọ̀wé tó bá tẹ "olorun" á rí "Ọlọ́run". Òpó tó ní àmì ni kí ẹ máa tẹ̀ sórí rísíìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju àmì orúkọ àwọn ènìyàn nù nítorí pé kò rọrùn fún kóòdù. Àmì tó bá ti sọnù lára orúkọ, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mọ̀ ọ́n padà dájú.

Ìràwọ̀-Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti ẹ̀gbọ́n. Kódà lẹ́yìn NFC, `len("ọ́")` ní Python á sọ pé 2 ni, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Unicode fún lẹ́tà yẹn pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà sínú fáìlì, báìtì 5 ló ń gbà. Nítorí náà, òpó tí ẹ bá fún ní ààyè lẹ́tà 30 á kún kí orúkọ gígùn tó parí, á sì gé àmì ìparí rẹ̀ dànù. Ẹ fún orúkọ ní 150.

Bó bá jẹ́ MySQL 8 ni ẹ ń lò, ìlànà ìfiwéra tó máa ń bá a wá, `utf8mb4_0900_ai_ci`, kì í ka àmì sí. "Ọlá" àti "Ola" bákan náà ni lójú rẹ̀. Ẹ má fi UNIQUE, òfin tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí òpó orúkọ rárá.

Yèyé-Détà, Ìjerò-Èkìtì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí àmì bá ti tò tán, iṣẹ́ ńlá ṣì wà níwájú: àwọn tó fara jọra àmọ́ tí wọn kì í ṣe ènìyàn kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ kóòdù tó ń pa orúkọ pọ̀ bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù bá bára mu. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, àti fóònù kan náà bó bá jẹ́ ti bàbá wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Kóòdù yẹn á sọ ìbejì di ẹnì kan. Ilẹ̀ Yorùbá ni a wà, ìbejì kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn kóòdù tó ń ka iye lẹ́tà tó yàtọ̀ láàárín orúkọ méjì á sọ pé lẹ́tà kan péré ló ya Adéọlá sọ́tọ̀ sí Adéolú bí àmì bá ti kúrò, á sì fẹ́ pa wọ́n pọ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, Olúwáṣeun, Oluseun, Seun àti Sheun lè jẹ́ ẹnì kan, tí lẹ́tà tó ya wọ́n sì pọ̀.

Ohun tó tọ́:

Ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà títí ayé, kí ó wà lórí káàdì rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ nínú, ẹ má fi ibùdó tàbí ọdún sínú ẹ̀, nítorí àgbẹ̀ lè kó kúrò ní Ìkéré lọ Ẹ̀mùré. Fóònù kọ́ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀, ènìyàn ń pààrọ̀ fóònù.

Kí kóòdù kàn tò àwọn tó fura sí jáde ní méjì méjì, kí ó má ṣe pa ẹnikẹ́ni pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ pa "sh" dà sí "s" nínú òpó ìwákiri, ẹ yọ "Oluwa" àti "Olu" iwájú kúrò nígbà ìfiwéra nìkan, kí ẹ tó wọn ìjọra. Akọ̀wé ibùdó tó mọ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ní ojú ló máa dáhùn "ẹnì kan ni" tàbí "ẹni méjì ni". Fún orúkọ 1,200, iṣẹ́ ọjọ́ bíi mélòó kan ni.

Bí ẹ bá sì pa méjì pọ̀, ẹ má pa nọ́ńbà kejì rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú tábìlì mìíràn pé nọ́ńbà yìí ti di tọ̀hún, ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí ló fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ ṣe àṣìṣe, ọ̀nà àtipadà wà.

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Orúkọ ìlú ńkọ́? Mo fẹ́ so àkọsílẹ̀ wa pọ̀ mọ́ détà òjò àti ti iye ènìyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìwòròkò

Ọ̀fìn wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, 16 nínú wọn ló jẹ́ ti Èkìtì. Bí ẹ bá fi orúkọ nìkan so détà méjì pọ̀, ẹ ó kó ti ẹlòmíràn mọ́ tiwa. Ní Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ní Kwara, Ìrẹ́pọ̀dùn dá wà, Ìfẹ́lódùn dá wà. Ọ̀ṣun náà ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kwara tún ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ Èkìtì gan-an, nítorí náà ẹni tó bá wá gbogbo ìlà tí "Ekiti" wà nínú ẹ̀ á kó ti Kwara wálé láìmọ̀. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pa pọ̀ ni kí ẹ máa fi so wọ́n, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Nǹkan kékeré mìíràn: àmì "/" tó wà nínú Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Bí kóòdù yín bá ń fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ṣe orúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà á rò pé fóldà ni ẹ ní kó wọ̀. Ìròyìn 15 á jáde, ìkẹrìndínlógún á kùnà. Kóòdù kúkúrú ni kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan, kí orúkọ wà fún ojú nìkan.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ á tún ní "Oye", "Oye Ekiti", "OYE-EKITI", "Ọ̀yẹ́" pẹ̀lú ààyè òfìfo lẹ́yìn. Ẹ má fi akọ̀wé sílẹ̀ kó máa tẹ orúkọ ìlú. Kó yàn án láti inú àtòkọ.

Àgbẹ̀dẹ-Kóòdù, Adó-Èkìtì

Ó tọ́. Wàyí o, Excel ọdún mẹ́rin yẹn. Ẹ kà á wọlé pẹ̀lú `dtype=str`, kí pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ka tábìlì, má bá yín ronú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 á pàdánù rẹ̀, 11 á di 10. Ó ṣeé ṣe kí Excel ti jẹ 0 náà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Fún fóònù, bó bá jẹ́ dígítì 10 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, 8 tàbí 9, ẹ dá 0 padà sí iwájú. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì jẹ́ dígítì 10, òmíràn sì ń fi 0 bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èyí tó bá jẹ́ 9 ni 0 rẹ̀ ti lọ. `zfill(10)` á dá a padà, àmọ́ ẹ rí i pé orúkọ tí báǹkì gbé jáde bá ti àgbẹ̀ mu kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́.

Ọjọ́ ló burú jù. Bí ètò kọ̀ǹpútà ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá wà lórí ti Amẹ́ríkà, tó sì tẹ 03/04/2023 pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, Excel á gbà á gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní pariwo. Tó bá wá tẹ 25/04/2023, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Excel á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nípa báyìí ẹ lè dá a mọ̀: nínú òpó yẹn, bí gbogbo èyí tó jẹ́ ọjọ́ gidi bá ní nọ́ńbà oṣù àti ti ọjọ́ tí kò kọjá 12, tí gbogbo èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sì ní ọjọ́ 13 sókè, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ọjọ́ gidi ni kí ẹ yí oṣù àti ọjọ́ rẹ̀ padà; èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fi `format="%d/%m/%Y"` kà á. Fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ o, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà bíi 45292 nínú òpó ọjọ́, ọjọ́ náà ni. Bí Excel ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn: 45292 jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024.

Tí ẹ bá ń fi CSV (tábìlì tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán) ránṣẹ́ padà sí ẹni tó máa fi Excel ṣí i, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú `encoding="utf-8-sig"`. Láìsí ìyẹn, Excel lè máà mọ̀ pé UTF-8 ni, gbogbo ọ àti ẹ á sì di jálajàla tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "á»" tàbí "áº". Ẹni tó bá rí i á rò pé détà ti bàjẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tún un ṣe.

Ìràwọ̀-Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ṣé ẹ fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún àgbẹ̀ pé "a ti gba kòkó yín"? Ẹ ṣírò owó rẹ̀ dáadáa. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ń gba lẹ́tà 160. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtòkọ GSM (àwọn lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán mọ̀) bá wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí ètò mìíràn tó ń gba 70 péré, tó bá sì gùn jù bẹ́ẹ̀, 67 ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan. à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àtòkọ yẹn. á, í, ó, ú, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Àmì ₦ náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà 150: láìsí àmì, ojú ewé 1. Pẹ̀lú ọ kan ṣoṣo, ojú ewé 3. Fún ènìyàn 1,200, 3,600 ni ẹ máa san dípò 1,200. Ọ́ tó ní àmì méjì sì ń ka 2. Nítorí náà, ẹ kọ "N" dípò ₦, ẹ yọ àmì nínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, tàbí kí ẹ gé e kúrú kó má kọjá 70 kí ẹ lè dá àmì sí. Èmi á yan èkejì: "A gba kòkó 62.5 kg. Nọ́ńbà rísíìtì 4471." Ó tó.

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Nẹ́tíwọ́kì kò sí ní ibùdó méjì nínú mẹ́fà. Àwọn akọ̀wé á máa kọ ọ́ sí fóònù, tí wọ́n bá dé ojú títì ni á lọ sí sáfà, kọ̀ǹpútà àárín tó ń gba àkọsílẹ̀ gbogbo ibùdó. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Alágbẹ̀dẹ-Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ibi tó máa ń pa owó gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí sáfà ló ń fún rísíìtì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Fóònù méjì tí kò rí ara wọn á fún kòkó méjì ní nọ́ńbà 101. Fóònù ni kí ó ṣe UUID (nọ́ńbà gígùn tí fóònù méjì kò lè ṣèèṣì bá ara wọn mu lórí rẹ̀) fún ìlà kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ tí akọ̀wé bá tẹ "Tọ́jú". Nọ́ńbà kúkúrú tó wà lórí ìwé rísíìtì lè jẹ́ kóòdù ibùdó pẹ̀lú òǹkà fóònù náà.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ méjì. Fóònù fi ìlà kan ránṣẹ́, sáfà gbà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nẹ́tíwọ́kì já kí ìdáhùn tó dé. Fóònù kò mọ̀ pé ó ti dé, á tún fi ránṣẹ́. Bí sáfà kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, àgbẹ̀ á gba owó lẹ́ẹ̀mejì. UUID yẹn ni oògùn rẹ̀: `INSERT ... ON CONFLICT (id) DO NOTHING` (bí UUID náà bá ti wà níbẹ̀, má kọ ọ́ mọ́), kí sáfà sì dáhùn "mo ti gbà á" yálà ìlà tuntun ni tàbí ti tẹ́lẹ̀. Fóònù kò gbọdọ̀ yọ ìlà kúrò nínú àwọn tó ń dúró títí ìdáhùn yẹn á fi dé. Tó bá kùnà, kó dúró ìṣẹ́jú àáyá 2, 4, 8, 16, kó fi iye díẹ̀ tí kò ní ètò kún un, kí gbogbo fóònù má baà jọ kan ilẹ̀kùn sáfà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí nẹ́tíwọ́kì bá padà.

Aago fóònù. Bátìrì kú, ọjọ́ padà sẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ẹ tọ́jú àkókò tí fóònù sọ, àkókò tí sáfà gbà á, àti ọjọ́ tí akọ̀wé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Kí áàpù kọ̀ láti ṣí ọjọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ fóònù bá ṣáájú ọjọ́ rísíìtì tó gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n ra kòkó, DATE ni kó jẹ́ nínú database, kì í ṣe àkókò tó ní wákàtí. Àárọ̀ òru 00:00 ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá nílé wa jẹ́ 23:00 ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ní UTC, aago àgbáyé tí kọ̀ǹpútà ń lò, torí wákàtí kan la fi ṣáájú. Tí kóòdù bá sọ ọjọ́ lásán di àkókò, gbogbo kòkó ọjọ́ kìíní á bọ́ sínú oṣù tó kọjá, àpapọ̀ ọdún á pé, ti oṣù kò ní pé. Ẹ ó wá a títí.

Èyí tó kù: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ìlà tó ti kọjá ṣe. Akọ̀wé àtijọ́ kì í fi rọ́bà pa ìwé ìṣirò rẹ́, ó máa ń fa ìlà sí i láàárín, á kọ èyí tó tọ́ sísàlẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú database. Àṣìṣe 625 kg tó yẹ kó jẹ́ 62.5: ẹ kọ ìlà −625 pẹ̀lú ìdí, kí ẹ tó kọ 62.5.

Yèyé-Détà, Ìjerò-Èkìtì

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mẹ́nu ba 625: áàpù gbọ́dọ̀ béèrè "ṣé ó dá yín lójú?" bí àpò kan bá kọjá 100 kg, àmọ́ kó má ṣe kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí áàpù bá kọ̀ láti gba ohun tó jẹ́ òtítọ́, akọ̀wé á kọ irọ́ tó máa gbà.

Ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ tọ́jú: ti kòkó pẹ̀lú àpò, ti àpò òfìfo, àti èyí tó kù. Ẹ má tọ́jú ìkẹta nìkan, torí ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ṣàròyé, kò sí ohun tí ẹ máa fi hàn án. Ẹ fi òpó kan kún un fún ọ̀rinrin. Kòkó tó gbẹ dáadáa máa ń wà ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá kọjá 8, ó lè bu. Àgbẹ̀ méjì tó gbé 60 kg wá, ti ọ̀kan gbẹ, ti èkejì tutù, kì í ṣe iye kòkó kan náà ni wọ́n gbé wá. Ní àràárọ̀, kí akọ̀wé gbé òkúta ìwọ̀n 20 kg sórí òṣùwọ̀n kó sì kọ ohun tó rí. Ìlà kan péré ni, òun ló máa sọ fún yín ọjọ́ tí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi nǹkan wọ̀n.

Owó: ẹ tọ́jú rẹ̀ ní kọ́bọ̀, nọ́ńbà odindi. Ní Python, `0.1 + 0.2` ń fún yín ní 0.30000000000000004. Iye owó kílò kan ní ọjọ́ yẹn, inú ìlà rísíìtì gan-an ni kí ó wà. Bí kóòdù bá ń lọ wo tábìlì iye owó òní láti ṣírò rísíìtì àná, gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá á yí padà ní ọjọ́ tí owó kòkó bá lọ sókè.

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí gbogbo èyí bá ti tò, módẹ́lì wo ni kí n lò?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìwòròkò

Ọdún mẹ́rin jẹ́ oṣù 48. Ìyẹn túmọ̀ sí pé oṣù kẹwàá mẹ́rin péré ni ẹ ní. Kò sí àyè fún módẹ́lì ńláńlá níbẹ̀. Ẹ fi èyí tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀: oṣù kẹwàá ọdún yìí á rí bíi ti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ẹ fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ módẹ́lì, ẹ dán an wò lórí ìkẹrin, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, kí módẹ́lì má rí ohunkóhun tó wà níwájú oṣù tó ń sọ. Ẹ ka ìyàtọ̀ rẹ̀ ní kílò. Bí ti ìdá ọgọ́rùn-ún ni ẹ bá ń kà, oṣù tí kòkó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé á ba ìṣirò jẹ́, torí ẹ ó máa pín nǹkan sí nọ́ńbà tó súnmọ́ òfo. Módẹ́lì tí kò bá borí "bíi ti ọdún tó kọjá", ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀fìn tó wà ní ọ̀nà yìí: òjò oṣù kẹwàá kò tíì sí nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ti oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá fi sínú ẹ̀ á rí èsì tó dára gan-an nínú ìdánwò, tí á sì jákulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òjò oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sẹ́yìn ni kí ẹ lò, ìgbà tí èso ṣì ń dàgbà lórí igi. Bákan náà, ẹ má fi ìpíndọ́gba ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dí àlàfo. Ọjọ́ iwájú wà nínú ìpíndọ́gba yẹn.

Àlàfo pẹ̀lú òfo kò dọ́gba. "Kò sẹ́ni tó gbé kòkó wá" jẹ́ 0. "Akọ̀wé kò sí níbẹ̀" kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ láti òní lọ, torí ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti dàrú tán.

Yèyé-Détà, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ tún bi àwọn alákòóso ẹgbẹ́: ìgbà wo ni ibùdó kọ̀ọ̀kan ṣí? Bí ibùdó méjì bá ṣí ní ọdún kẹta, kílò á lọ sókè, igi kòkó kò sì so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé kòkó tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ni détà yìí mọ̀. Kò mọ èyí tí àgbẹ̀ tà fún ẹlòmíràn tó san ju yín lọ. Iye owó ẹgbẹ́ àti iye owó ọjà, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ má fún àwọn alákòóso ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. "Tọ́ọ̀nù 8 sí 11" ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ owó tí wọ́n máa mú dání àti èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ dè é.

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tún ní áàpù tó lè fi fọ́tò mọ èso kòkó tó ń dúdú tó sì ń jẹrà lásìkò òjò. Wọ́n sọ fún un pé ó ń gbà á 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ó dáa?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìwòròkò

Ẹ bi wọ́n léèrè iye igi tó ń ṣàárẹ̀ nínú ìdánwò náà. Ká ní igi 1,000 ni, 50 ló ní àrùn. Módẹ́lì mú 40 nínú 50 yẹn, ó sì tún fi ẹ̀sùn kan 60 tí ara wọn le. Ó gba 40 àti 890, ó jẹ́ 930 nínú 1,000: 93 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Módẹ́lì mìíràn tó kàn ń sọ fún gbogbo igi pé "ara rẹ le" á gba 950, kò sì rí igi aláàrùn kankan. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ béèrè: nínú àwọn tó ń ṣàárẹ̀, mélòó ló rí? Níbí, 40 nínú 50. Nínú àwọn tó nàka sí, mélòó ló jẹ́ òtítọ́? 40 nínú 100. Àgbẹ̀ á rìn dé igi 100 kó tó rí 40.

Bákan náà, fọ́tò igi kan náà kò gbọdọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ àti nínú ìdánwò. Oko ni kí wọ́n fi pín in, `GroupKFold` inú scikit-learn, irinṣẹ́ Python fún módẹ́lì, ń ṣe é. Oko Ìsẹ̀ fún ẹ̀kọ́, oko Ẹ̀mùré fún ìdánwò.

Alágbẹ̀dẹ-Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Kí ẹ tó lọ: ẹ̀dà ìpamọ́. `pg_dump -Fc` ní alaalẹ́, kí ẹ̀dà kan kúrò nínú ilé tí sáfà wà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi `pg_restore` dá a padà sínú database òfìfo, ẹ ka ìlà, ẹ ro kílò pọ̀, kó bá ti gidi mu. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì dá padà rí, ẹ má kà á sí ẹ̀dà.

Ọ̀rọ̀ aṣínà database kò gbọdọ̀ wọ inú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù. Tó bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pípa á rẹ́ nínú fáìlì kò tó, ó ṣì wà nínú ìtàn àwọn commit (ẹ̀dà àtijọ́ tí git pa mọ́). Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú. Nọ́ńbà àkáǹtì àti fóònù ènìyàn 1,200 wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá jí i, tí ó sì lè ṣe àwọn ènìyàn yẹn ní ìpalára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó détà létí. Ẹ má gba NIN àti BVN bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

ỌmọOníkòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ibùdó wo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀? Mo ní ti Ìkéré lọ́kàn, torí nẹ́tíwọ́kì dára níbẹ̀.

Àgbẹ̀dẹ-Kóòdù, Adó-Èkìtì

Ẹ fi èyí tí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ burú jù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nóòtù àti fóònù pa pọ̀, akọ̀wé kan náà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹ fi mẹ́ta wéra: iye àpò, àpapọ̀ kílò, àpapọ̀ owó. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kódà kó jẹ́ kílò kan, ẹ wá a rí lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí akọ̀wé ṣì rántí ẹni tó wá. Ẹ má ṣí ibùdó kejì títí tí ẹ máa fi rí ọjọ́ 10 tí iṣẹ́ wà, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.